Ààyè Ẹran, Òkú Ẹran: Ta Ló Ń Jẹ Owó Igbó Ọ̀yọ́-Ilé?

Ní Kòmú, àwa ọmọdé mọ ìró ìbọn ọdẹ yàtọ̀ sí ìró ìbọn ìsìnkú. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóru láti ọ̀nà oko, a ti mọ̀ pé ẹran yóò wà lọ́la. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a óò sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà bàbá ọdẹ, a óò bá ìgalà tàbí ẹtu nílẹ̀, àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ á sì ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn ń béèrè: "Eélòó ni?" Wọ́n á ná an, wọ́n á sanwó, wọ́n á kun ún, wọ́n á yan án. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò sí ẹni tó béèrè rí pé eélòó ni ẹran náà lánàá, nígbà tó ṣì ń jẹ koríko. Ìbéèrè wèrè nìyẹn lójú wa nígbà náà. Ààyè ẹran igbó kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, báwo ló ṣe máa lówó lórí?

Àfi lọ́jọ́ tí a kà nípa àwọn tó béèrè irú ìbéèrè yẹn nípa ẹja, tí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ dé kọ́bọ̀. Àwa tí à ń kọ èyí, ọmọ Òkè-Ògùn ni wá, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe jẹun. A kì í ṣe ọdẹ, a ò sì pera wa ní òpìtàn. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò ṣàjèjì sí wa, èyí tí a kà yẹn kò sì kúrò lọ́kàn wa títí di òní. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn náà ká padà wálé, nítorí ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹja tó ń pa mílíọ̀nù

Palau ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Erékùṣù ni, ó wà nínú òkun Pàsífíìkì, gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ìsẹ́yìn nìkan ju gbogbo wọn lọ. Ohun tó pọ̀ lómi wọn ni ẹja àkùrákùdà, ẹja eléyín ṣóńṣó tí òyìnbó ń pè ní shark (kì í ṣe Ṣakí tiwa o). Káàkiri ayé, àwọn apẹja ń pa ẹja yìí nítorí lẹbẹ rẹ̀, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ olówó ńlá ní Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹbẹ nìkan ni wọ́n á gé, wọ́n á ju ẹja náà padà sómi kó lọ kú síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ààrẹ Palau, Johnson Toribiong, dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pa àkùrákùdà tà mọ́ nínú gbogbo omi tó jẹ́ tiwọn. Àwọn ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láyé. Àwọn kan rò pé àánú ẹja ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun ti Ọsirélíà gbé ìṣirò wọn jáde. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòro. Wọ́n bi àwọn àlejò tó ń wá lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi ní Palau léèrè: kí lẹ wá wò? Eélòó lẹ ná sí òtẹ́ẹ̀lì, sí ọkọ̀ ojú omi, sí oúnjẹ? Ọ̀pọ̀ ló ní àkùrákùdà làwọn tìtorí ẹ̀ wá. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n pín in fún nǹkan bí 100 àkùrákùdà tó ń gbé níbi tí àlejò ti ń wò wọ́n. Wọ́n rí i pé ẹyọ kan ń mú $179,000 wọlé lọ́dún, àti pé láti ìgbà tó bá ti ń gbé ibẹ̀ títí tó fi máa kú, yóò ti mú $1.9 mílíọ̀nù wá. Tí apẹja bá pa ẹyọ kan yìí kan náà, tó sì tà á, $108 péré ni yóò rí.

Kì í ṣe idán. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe òrí ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́. Ẹ wo igi èmí kan lẹ́bàá oko. Ẹni tó gé e tó fi sun èédú, owó ẹ̀ẹ̀kan ló pa. Ìyá tó ń ṣa èso abẹ́ rẹ̀ fi ṣe òrí, ọdọọdún ló ń padà síbẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà á padà síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òkú ẹran, ẹ̀ẹ̀kan là ń tà á. Ààyè ẹran, bí èèyàn bá wò ó tán lónìí, ẹlòmíì á tún wò ó lọ́la, ẹran náà ò sì dín.

Inú wa dùn sí ìṣirò yìí débi pé nígbà tí a lọ sílé, a sọ ọ́ fún bàbá àgbà kan tó ti ń dẹ̀gbẹ́ láti kékeré. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó ńlá mà ni o. Ta ni wọ́n wá san án fún?"

A ò rí èsì fọ̀. Nítorí ìbéèrè yẹn la ṣe jókòó wo ìtàn igbó tó wà nítòsí wa, igbó tó yẹ kó máa pa irú owó bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ìlú tó di igbó

Old Oyo National Park là ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa ń gbórúkọ rẹ̀ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, a ò sì débẹ̀ rí. Igbó náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ìlú Òkè-Ògùn bíi Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbòho àti Igbẹ́tì sì wà láyìíká rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà rántí ni pé igbó yìí kì í ṣe igbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìlú ni.

Ọ̀yọ́-Ilé wà ní apá àríwá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Aláàfin ti ń ṣàkóso, ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń gbéra lọ sógun. Àwọn Haúsá ń pè é ní Kàtúǹgà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, wọ ìlú náà pẹ̀lú Richard Lander tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀, oṣù Kẹta ni wọ́n tó kúrò. Ní 1830, Lander padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, John. Ìlú tí wọ́n bá ní odi, ó ní ọjà, ó ní ààfin. Ṣùgbọ́n ilé ti ń jó lábẹ́lẹ̀. Àfọ̀njá ti ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní ti gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́, ogun sì ń sún mọ́lé.

Ogun tí Aláàfin Olúewu bá lọ ni ó gbẹ̀yìn. Ó kú sí i, ní nǹkan bí ọdún 1835. Àwọn tó ṣẹ́kù kó ẹrù wọn. Àwọn kan lọ sí Kìṣí, àwọn kan sí Ìgbòho, àwọn kan sá gba ìsàlẹ̀ lọ. Àtìbà di Aláàfin, ó tẹ ìjókòó rẹ̀ sí Àgọ́-Ọ̀jà, èyí tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ìlú ńlá wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ibi tí èèyàn bá sá kúrò, igbó á gbà á. Koríko bo ọjà, igi hù nínú ààfin. Títí di òní, ẹni tó bá dé ibẹ̀ á rí odi tó ti wó, á rí àpáàdì ìkòkò, á rí ihò tí àwọn ìyá ti lọ nǹkan lórí àpáta, á sì rí àwọn igi osè ràgàjì tó dúró níbi tí adúgbò wà tẹ́lẹ̀. Ẹfọ̀n àti ìgalà wá ń jẹko níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń ná ọjà.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Ní Palau, èèyàn ló jókòó tó pinnu láti dá ẹran sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ogun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbèrò pé ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹranko. Ìbẹ̀rù ló lé wa, ẹranko sì rí àyè.

Igbó tó di ti ìjọba

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni òfin dé. Ní 1936, ní ayé òyìnbó, wọ́n ya Òkè odò Ògùn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó àdásí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà. Ní 1941, wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé náà sọ́tọ̀. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá sí. Ní 1952, wọ́n sọ méjèèjì di igbó àdásí fún ẹranko. Ní 1991, ìjọba ológun àpapọ̀ so wọ́n pọ̀ di National Park. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ igbó náà kúrò ní ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìbàdàn, ó di ti Àbújá.

Tí a bá ka ọdún mẹ́rin yìí bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìtẹ̀síwájú tó lọ geerege. Ṣùgbọ́n ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ẹ wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá ọdẹ. Lánàá, tí ọdẹ bá ti inú igbó yẹn bọ̀ pẹ̀lú ẹfọ̀n, akọni ni. Wọ́n á sun ìjálá fún un, wọ́n á fi oríkì kí i, ìdílé rẹ̀ á gbé orí sókè. Lọ́jọ́ tí òfin dé, ọkùnrin yìí kan náà, ìbọn yìí kan náà, ẹran yìí kan náà, ó di ọ̀daràn. Òun kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè é ló yí padà.

Kí ni wọ́n wá fún un dípò? Òtítọ́ ni pé àwọn ọmọ agbègbè wa kan ríṣẹ́ ṣọ́ igbó, wọ́n sì ń fi ẹ̀mí wọn wewu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tó wà létí igbó náà, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé "ẹ má wọ̀ ọ́". Igbó ìjọba ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun tó bá ti jẹ́ ti ìjọba ní ilẹ̀ wa, àwa náà kọ́ ni a ni ín.

Iṣẹ́ wa ti kọ́ wa ní ohun kan. Tí a bá kọ ètò sórí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwájú wa ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n tí àwọn tí a torí wọn kọ ọ́ ń wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, a kì í sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. A máa ń padà bi ara wa pé: ta la bi léèrè kí a tó bẹ̀rẹ̀? Òfin igbó náà dára. Àwọn tí yóò bá a gbé ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹranko sì ń lọ. Ẹfọ̀n, ìrá, ìgalà, ìmàdò àti ìjímèrè ni igbó náà fi lórúkọ. Ṣùgbọ́n erin tó kún inú oríkì wa, ọ̀pọ̀ wa kò rí i rí àyàfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Kìnnìún ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé gbogbo kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ju nǹkan bí 400 lọ, ibi méjì péré ni wọ́n sì ti rí wọn ní Nàìjíríà: Yankari ní Bauchi, àti Kainji tó wà lókè wa níbẹ̀ yẹn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun nìkan ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Àwọn tó pín in

Àwọn kan ti dáhùn ìbéèrè bàbá ọdẹ wa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Rùwáńdà. Nínú àwọn òkè ayọnáyèéfín tó wà ní apá àríwá ibẹ̀, ìnàkí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní gorilla. Ní nǹkan bí 1981, 254 péré ló kù ní gbogbo agbègbè Virunga, tí Rùwáńdà, Uganda àti Kóńgò jọ pín. Àwọn ọdẹ ń dẹ pàkúté, àwọn àgbẹ̀ ń gbalẹ̀. Ó jọ pé orúkọ nìkan ni yóò kù.

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 síwájú ni wọ́n ti ń mú àlejò lọ wo ìnàkí wọ̀nyí ní ìwọ̀nba, èèyàn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fún wákàtí kan. Ogun àti ìpakúpa 1994 dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2017, wọ́n gbé owó ìwé àṣẹ láti $750 lọ sí $1,500. Wákàtí kan ṣoṣo o! Àwọn èèyàn ṣì ń san án.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí Òkè-Ògùn kọ́ kọ́ ni $1,500 yẹn. Ohun tó yẹ ká kọ́ ni èyí: láti 2005, ìjọba Rùwáńdà ti ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó àlejò sọ́tọ̀ fún àwọn abúlé tó yí igbó ká. Ní 2017, wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá. Wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n fi fa omi. Abúlé àṣà kan tún wà níbẹ̀, Gorilla Guardians Village, tí àwọn tó ń dẹ̀gbẹ́ nínú igbó náà tẹ́lẹ̀ ti ń jó fún àlejò, tí wọ́n ń ṣàlàyé ewé àti egbò, tí wọ́n sì ń gbowó. Nígbà tí wọ́n tún ka àwọn ìnàkí Virunga fún ìkìíni tó jáde ní 2018, wọ́n ti di 604.

Ẹnìkan lè sọ pé Rùwáńdà jìnnà, pé ìjọba tiwọn yàtọ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sí Òṣogbo.

Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ń gé igi inú igbó Ọ̀ṣun, wọ́n ń pa ẹran ibẹ̀, ojúbọ sì ń wó. Susanne Wenger, ará Ọ́sítíríà tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwọn ará Òṣogbo sọ ní Àdùnní, dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú láti gbà á padà. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n mọ ère, wọ́n dúró lé èèwọ̀ àtijọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́, kò gbọ́dọ̀ pẹja, kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀. Ní 1965, ìjọba fi apá kan rẹ̀ ṣe ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé. Hẹ́kítà 75 péré ni. Ó kéré gan-an sí igbó Ọ̀yọ́-Ilé. Síbẹ̀, ọ̀bọ ń fò lórí igi ibẹ̀ lónìí láàárín ìlú ńlá, àlejò sì ń wọlé láti gbogbo ayé, pàápàá ní oṣù Kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ọlọ́kadà ń jẹ níbẹ̀, alámàlà ń jẹ níbẹ̀, aláró ń jẹ níbẹ̀.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe ní Òṣogbo? Wọn kì í pe igbó yẹn ní igbó ìjọba. Igbó Ọ̀ṣun ni. Ọ̀ṣun sì ni ìyá gbogbo wọn.

Bí àlejò kò bá wá mọ́ ńkọ́?

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Owó àlejò dùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ wo Pendjari, igbó ẹranko tó wà ní àríwá Benin, aládùúgbò wa. Ní 2017, àjọ African Parks gba àkóso rẹ̀, wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́, àlejò ń wá wo kìnnìún àti erin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì láti ilẹ̀ Faransé gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Àwọn ọmọ ogun Faransé gba àwọn àlejò náà sílẹ̀ ní Burkina Faso, àwọn ọmọ ogun méjì sì kú sí i. Láti ìgbà náà, ìbẹ̀rù ti bo ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́dún kejì, ní oṣù Kẹta 2020, Kòrónà dé. Rùwáńdà alára ti ilẹ̀kùn igbó ìnàkí pa.

Àwa náà mọ ìbẹ̀rù yẹn. Ẹni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgangan ní oṣù Kẹfà 2021 mọ̀ pé igbó tí kò ní olówó tó ń ṣọ́ ọ, ẹlòmíì lè fi ṣe ibùba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí ọ̀rọ̀ náà wò. Ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀ tí àjèjì bá wọ igbó? Kì í ṣe ẹni tó wà ní Àbújá. Ọdẹ ni. Òun ló mọ ipasẹ̀ ẹran sí ipasẹ̀ bàtà, òun ló mọ ibi tí iná ti jó lánàá. Tí a bá ti sọ ọ́ di ọ̀tá igbó, a ti fọ́ ojú ara wa.

Ìdí mìíràn wà tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi àlejò nìkan wọn iye igbó náà. Odò Ògùn tó gba inú rẹ̀ kọjá, òun ló lọ sí ìsédò Ìkẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn, òun ló ń ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta, òun ló sì ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Ẹni tó ń bu omi mu ní Abẹ́òkúta kò mọ̀ pé igi tó dúró létí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà lára ohun tó ń tọ́jú omi náà. Tí gbogbo igi wọ̀nyẹn bá di èédú, kì í ṣe Òkè-Ògùn nìkan ni òùngbẹ máa gbẹ. Owó tí omi yẹn ń pa, kò sẹ́ni tó ń san án fún ẹni tó ń gbé létí igbó.

Ìbéèrè bàbá ọdẹ

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún gbé ìṣirò dé pé ààyè ẹran lówó lórí ju òkú ẹran lọ, ẹ má jiyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó kàn. $1.9 mílíọ̀nù Palau, àpò tó wọ̀ pọ̀: onílé ìtura, ọlọ́kọ̀ ojú omi, ìjọba. $108 wọ àpò apẹja, owó ọwọ́, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ebi ń pa kì í fi owó tó wà nínú àpò ẹlòmíì jẹun. Títí tí apá kan nínú owó ńlá fi máa dé ọwọ́ ẹni tó ní ìbọn, owó kékeré ni yóò máa borí.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tí àlejò lè wá wò lọ́dọ̀ wa. Òkè Àṣàbàrí wà ní Ṣakí. Adágún Ìyàkẹ̀ wà lórí òkè ní Àdó-Awáyè. Igbó Ọba wà ní Ìgbòho, níbi tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí nígbà tí ogun kọ́kọ́ lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Àtìbà. Aṣọ òfì ń bẹ ní Ìsẹ́yìn. Odi Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà nínú igbó. Ọ̀dọ́ tó bá gbéra láti Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta yóò rí ju ohun tí ojú rẹ̀ lè gbà. Ọ̀nà tó dáa, ibi tí yóò sùn, ààbò, àti ẹni tí yóò mú un kiri ló kù. Mẹ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ ìjọba ló wà. Ẹ̀kẹrin ti wà nílé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ni.

A tún padà lọ bá bàbá náà. A sọ ọ̀rọ̀ Rùwáńdà fún wọn, ìdá mẹ́wàá, àwọn ọdẹ tó di olùfinimọ̀nà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wo ìbọn tó gbé kọ́ ara ògiri.

"Tí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà," ni wọ́n wí, "tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin rò pé a fẹ́ràn òtútù ni? Oru yìí, ejò yìí? Tí ẹnìkan bá ní kí n wá jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí n fi ìgalà han ọmọ Èkó, tó sì fún mi lówó ẹran kan, kí ló tún kù tí mo fẹ́ fi ìbọn ṣe?"

A bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì mọ ibi tí ìgalà ń gbà.

"Ṣé ẹ̀yin ń bi mí?" Bàbá dìde, wọ́n nawọ́ sí apá ìlà-oòrùn, lọ́nà ibi tí igbó wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà náà fún wa, odò kan lẹ́yìn òmíràn, àpáta kan lẹ́yìn òmíràn, títí tí ilẹ̀ fi ṣú.